Àwọn Ará Ọkọ̀ Abẹ́ Omi: Ìtàn Ẹgbẹ́ Tí Kò Jẹ́ Kí Orúkọ Òkú Rẹ̀ Rì

Níbikíbi tí àwọn tó ti ṣiṣẹ́ rí nínú ọkọ̀ ogun abẹ́ omi Amẹ́ríkà bá ti pé jọ, iṣẹ́ kan wà tí wọn kì í fojú fò. Ẹnì kan á dìde, á mú ìwé lọ́wọ́, á sì máa pe orúkọ àwọn ọkọ̀ tó lọ tí kò bọ̀, pẹ̀lú ọdún tí kálukú wọn lọ àti iye èèyàn tó bá a lọ. Bó bá ti pe ọ̀kan, ẹlòmíràn á lu agogo lẹ́ẹ̀kan. Wọn kì í sọ pé àwọn èèyàn náà kú. Wọ́n ní wọ́n ṣì wà lẹ́nu ìṣọ́, ìṣọ́ ayérayé.

Ẹni tó kú sílé, a mọ ojú oórì rẹ̀. Ẹni tí òkun gbé lọ, kò síbi tí èèyàn rẹ̀ máa dúró sí kí ó tó kí i. Nítorí náà, orúkọ ni àwọn ará ọkọ̀ yìí fi ṣe ibojì fún òkú wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó. Ó yẹ kí á mọ ibi tí ọkọ̀ náà rì sí, ohun tó rì í, àti iṣẹ́ tó ṣe kó tó rì. Lórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ohun tí ẹnu ń sọ àti ohun tí ìwé ìjọba ń sọ kì í sábà bára mu. Láti orí ìjà ẹnu àti ìwé yìí ni ìtàn ẹgbẹ́ náà ti gba agbára.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀: kí ọ̀rúndún ogún tó dé

Bí a bá tọpa ìran yìí dé orísun, ọdún 1776 ni a ó bá ara wa. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń jà fún òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, David Bushnell ará Connecticut kan ọkọ̀ onígi kékeré kan tí wọ́n pè ní Turtle. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni onítọ̀hún sì fi ń wà á. Ezra Lee tó wà á sọ pé òun wọ abẹ́ ọkọ̀ ogun HMS Eagle lóru nínú omi New York, òun fẹ́ dá ìdí rẹ̀ lu kí òun lè so àgbá ẹ̀tù mọ́ ọn, ṣùgbọ́n irin ìdálu náà kò wọlé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò kọ nǹkankan sílẹ̀ nípa ìkọlù kankan lóru náà. Nítorí ìyẹn, àwọn òpìtàn kan ń ṣiyèméjì bóyá Lee tiẹ̀ dé abẹ́ Eagle rárá. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wá sí ìdí òun, kí ni yóò kọ sínú ìwé?

Ìtàn kejì wá láti Charleston ní South Carolina. Nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ń jà kí ìmúnilẹ́rú má baà kúrò lọ́wọ́ wọn ní ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ H. L. Hunley. Ọkùnrin méje ló ń fọwọ́ yí irin tó ń tì í lọ, ẹni kẹjọ ló ń darí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ náà pa àwọn tó wà nínú rẹ̀ kó tó rójú ogun: èèyàn 5 lákọ̀ọ́kọ́, èèyàn 8 lẹ́ẹ̀kejì, títí kan Horace Hunley tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Síbẹ̀ àwọn mìíràn tún wọ inú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1864, ó ri Housatonic, ọkọ̀ ogun àwọn ará Àríwá, òun náà kò sì padà sébùúté.

Láàárín àwọn ará Gúúsù, ìtàn àtẹnudẹ́nu kan wà nípa George Dixon, ọ̀gá ọkọ̀ náà. Wọ́n ní owó wúrà kan wà nínú àpò rẹ̀ nígbà ogun Shiloh lọ́dún 1862, pé ọta ìbọn ba owó náà, òun ni kò jẹ́ kó kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka ìtàn yìí sí àlọ́. Ọdún 2000 ni wọ́n fa Hunley jáde láti ìsàlẹ̀ omi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe ń rọra tú ẹrẹ̀ tó bo egungun Dixon, ọwọ́ wọn ba owó wúrà kan. Ó ti tẹ̀, ojú ibi tí ọta bà á ṣì hàn gbangba. Wọ́n fín orúkọ Shiloh, ọjọ́ ogun náà àti lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Dixon sára rẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sọ pé owó náà ló dá ẹ̀mí ẹni tó ni ín sí. Ẹnu ti tọ́jú ọ̀rọ̀ náà fún ohun tó lé ní 130 ọdún kí ẹ̀rí tó bá a. Lọ́dún 2004, wọ́n sin èèyàn mẹ́jọ̀ọ̀jọ náà sí Charleston, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì tẹ̀ lé òkú wọn. A ò lè yin ohun tí wọ́n jà fún. Ṣùgbọ́n owó Dixon kọ́ àwọn òpìtàn pé kí wọ́n má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí àwọn arúgbó bá ń sọ.

Bí àwọn àjèjì ṣe di ọmọ ìyá

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1900 ni àwọn ará ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà ń ṣe ọjọ́ ìbí wọn. Ọjọ́ yẹn ni ìjọba ra ọkọ̀ tí John Philip Holland ṣe, ọmọ Ireland kan tó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ rí. Àwọn ọkọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yìí há, wọ́n móoru, èéfín epo wọn sì lè pa èèyàn. Ẹni tó bá wù ú nìkan ló ń wọ̀ wọ́n. Níwọ̀n bí àwọn tó wà nínú ọ̀kan kò ti pọ̀, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ń mí afẹ́fẹ́ kan náà, bí omi bá sì wọlé, gbogbo wọn ni yóò bá a lọ.

Ohun tó so wọ́n pọ̀ jù ni ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò lè fi owó tàbí oyè fò. Lọ́dún 1923, Ernest King, tó wá di olórí gbogbo ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, dábàá pé kí wọ́n ní àmì ìdánimọ̀ tiwọn. Ìjọba fọwọ́ sí i lọ́dún 1924: ẹja lámùsóò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú ọkọ̀ abẹ́ omi. Ẹni tó bá fẹ́ gba àmì náà gbọ́dọ̀ mọ gbogbo páìpù, fáàfù àti wáyà inú ọkọ̀, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí iná bá ṣẹ́ lójijì, ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò gba gbogbo wọn là, ìbáà ṣe ẹni tó ń se oúnjẹ.

Ikú náà tún sún wọn mọ́ra. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1927, ọkọ̀ S-4 fara gbá nítòsí Provincetown ní Massachusetts, ó sì rì. Ọkùnrin mẹ́fà ṣì wà láàyè níwájú ọkọ̀ náà. Àwọn òmùwẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi irin kan ara ọkọ̀ láti sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń béèrè bóyá ìrètí ṣì wà. Ìjì kò jẹ́ kí iṣẹ́ ìdáǹdè tẹ̀ síwájú. Èèyàn 40 ló kú, àwọn mẹ́fà wọ̀nyí wà nínú wọn.

Ikú àwọn ọkùnrin yẹn kò kúrò lọ́kàn Charles Momsen, tí òun náà jẹ́ ará ọkọ̀. Ó di ẹni tí kò sinmi mọ́ lórí ẹ̀rọ tí èèyàn lè fi jáde nínú ọkọ̀ tó rì. Nígbà tí Squalus rì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1939 nítòsí New Hampshire, èèyàn 26 kú, ṣùgbọ́n agogo irin ńlá kan, tó wá láti inú iṣẹ́ tí Momsen àti Allan McCann ṣe, gbé èèyàn 33 jáde láàyè. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà láàárín wọn pé ikú ará ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn tó kù lẹ́kọ̀ọ́.

Ogun Àgbáyé Kejì: ohun tí ojú rí àti ohun tí ìwé sọ

Nígbà tí Jàpáànì kọlu Pearl Harbor lọ́jọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941, àwọn ọkọ̀ ogun ńláńlá tí Amẹ́ríkà gbójú lé bàjẹ́ lọ́wọ́ kan. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi tó wà níbẹ̀ kò fara gbá, iwájú ogun sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Erékùṣù ni Jàpáànì. Epo rọ̀bì, irin, rọ́bà àti oúnjẹ, orí òkun ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dínà òkun ti fún un lọ́fun.

Ṣùgbọ́n ohun ìjà wọn ń já wọn kulẹ̀. Tọ́pídò Mark 14 ń lọ sísàlẹ̀ ju ibi tí wọ́n rán an lọ, ó sì ń kọjá lábẹ́ ọkọ̀ ọ̀tá. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ké gbàjarè. Àwọn tó ṣe tọ́pídò náà ní ilé dá wọn lẹ́bi: wọ́n ní wọn kò mọ̀ ọ́n ta. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1942, Charles Lockwood, ọ̀gágun ọkọ̀ abẹ́ omi, ní kí wọ́n ta á sínú àwọ̀n ní Albany, Australia. Ojú ibi tí àwọ̀n náà ya fi hàn pé ó ń lọ sísàlẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 11 ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n tún un ṣe, àléébù mìíràn yọjú. Ní oṣù Keje ọdún 1943, Dan Daspit tó ń darí Tinosa dá ọkọ̀ epo ńlá kan dúró lójú òkun, ó sì ń ta á ní tọ́pídò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tọ́pídò 15 ló ta. Wọ́n ń bà á, ọ̀pọ̀ jù lọ kò bú. Daspit fi ọ̀kan tó kù pamọ́, ó gbé e padà sí Pearl Harbor kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Wọ́n ju tọ́pídò láti òkè sórí irin, wọ́n sì rí i pé píìnì inú rẹ̀ ń tẹ̀ bó bá kọlu nǹkan gbọnrangandan. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti tún un ṣe. Nǹkan bí ọdún méjì ni ẹnu àwọn tó wà lójú ogun fi bá ìwé àwọn tó wà ní ọ́fíìsì jà.

Nígbà tí ohun ìjà wọn dára, ogun yí padà. Àwọn ará ọkọ̀ abẹ́ omi kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, síbẹ̀ àwọn ló ri ohun tó ju ìdajì lọ nínú ọkọ̀ tí Jàpáànì pàdánù. Wọ́n san owó rẹ̀. Ọkọ̀ 52 kò padà wálé, àwọn tó bá wọn lọ sì lé ní 3,500, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn tó jáde lọ jà.

Ogun parí, àríyànjiyàn kò parí. Ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní JANAC yẹ ìwé Jàpáànì wò, ó sì gbé àbọ̀ jáde lọ́dún 1947. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ti kéde pé àwọn ri nǹkan bí tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 10. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí mílíọ̀nù 5.3. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òótọ́ wà ní ọ̀dọ̀ ìhà méjèèjì. Ẹni tó ta tọ́pídò lóru, tó sì sáré rì kí bọ́ǹbù ọ̀tá má baà bà á, etí ló fi ń ka ohun tó rì. Ìwé Jàpáànì náà kò sì pé, nítorí ogun ti run púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ Tang fi ohun tí à ń wí hàn. Richard O'Kane, ọ̀gá rẹ̀, kéde ọkọ̀ 31, JANAC fún un ní 24. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, iye náà di 33. Bẹ́ẹ̀, nínú ìrìn kẹta rẹ̀, 8 ni òun fúnra rẹ̀ kéde, ìwé ọ̀tá sì fi hàn pé 10 ló rì. Tọ́pídò ìkẹyìn tí Tang ta lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1944 ló yí padà wá rì í. Èèyàn 78 kú, 9 là á já, O'Kane sì wà nínú wọn.

Àwọn kan wà tí ìwé àti ẹnu jọ gbàgbé fún ìgbà pípẹ́. Ìjọba kò gba ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láyè jìnnà ju iṣẹ́ sísè àti gbígbé oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá lọ. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ abẹ́ omi kò fàyè gba ẹni tí kò mọ̀ ju iṣẹ́ kan lọ. Wọ́n kọ́ ọkọ̀ náà, wọ́n gba àmì lámùsóò, wọ́n dúró sí ibi iṣẹ́ wọn nígbà ìjà, wọ́n sì bá ọkọ̀ lọ nígbà tí ọkọ̀ lọ. Lọ́dún 1948, Ààrẹ Truman pàṣẹ kí ìyàsọ́tọ̀ dópin nínú iṣẹ́ ológun. Ó di ọdún 1983 kí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́, Pete Tzomes, tó gba ọkọ̀ abẹ́ omi, Houston, sábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Nínú 100 ọdún àkọ́kọ́, àwọn méje péré ló dé ipò yẹn, Cecil Haney tó wá di ọ̀gágun onírawọ̀ mẹ́rin sì wà lára wọn.

Ẹgbẹ́ méjì, ilẹ̀kùn méjì

Lọ́dún 1955, àwọn tó ja ogun náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ará ọkọ̀ abẹ́ omi ti Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n pín àwọn ọkọ̀ 52 tó rì láàárín àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè ní ọkọ̀ tí yóò máa ṣèrántí rẹ̀. California àti New York gba méjì méjì. Ọgbọ́n ńlá ni. Ọ̀pọ̀ ibi tó jìnnà sí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tọ́pídò àti òkúta ìrántí kalẹ̀, tí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ọmọkùnrin tí wọn kò mọ̀ rí sára rẹ̀. Ní Groton ní Connecticut, ilé orí ọkọ̀ Flasher dúró gẹ́gẹ́ bí ìrántí. Ní Pearl Harbor, òkúta 52 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Bowfin, orúkọ àwọn tó lọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ yìí kò fẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ nígbà ogun náà nìkan ló lè wọlé. Nígbà náà ni Nautilus, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń fi agbára núkílíà rìn, ti jáde sójú òkun lọ́dún 1955, tó sì gba abẹ́ yìnyín kọjá ní òpin ayé ti àríwá lọ́dún 1958. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ irú ọkọ̀ yìí ń lo oṣù méjì-mẹ́ta lábẹ́ omi, wọ́n ń ṣọ́ ọkọ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, wọn kò sì gbọdọ̀ sọ fún aya wọn pàápàá ibi tí wọ́n lọ. Wọ́n ń gba àmì ẹ̀yẹ tí wọn kò lè sọ ìdí rẹ̀. Ìpalẹ́numọ́ yìí ló jẹ́ kí wọ́n nílò ara wọn ju ti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn lọ. Lọ́dún 1964, wọ́n gbé ẹgbẹ́ mìíràn dìde, United States Submarine Veterans, tí wọ́n ń pè ní USSVI. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba àmì lámùsóò lè wọlé, ogun yòówù kó jẹ́ tirẹ̀, ìbáà má tiẹ̀ jagun rí. Ẹni tó bá ti pé 50 ọdún tó gba àmì náà ń wọ ẹgbẹ́ àgbà kan láàárín wọn tí wọ́n fi Holland sọ lórúkọ.

Ikú méjì fún àwọn ọ̀dọ́ yìí ní òkú tiwọn. Lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1963, Thresher rì nígbà ìdánwò níwájú Cape Cod, pẹ̀lú èèyàn 129. 17 nínú wọn kì í ṣe ọmọ ogun. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní ó ṣeé ṣe kí páìpù kan ti já, kí omi sì ba iná mànàmáná rẹ̀ jẹ́ títí ẹ̀rọ fi kú. Bruce Rule, tó mọ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ ohùn abẹ́ omi, kò gbà: ó ní ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò fi páìpù tó já hàn, iná mànàmáná ló kọ́kọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn lé ni pé ikú náà bí SUBSAFE, ètò tó ń yẹ gbogbo ìsopọ̀ inú ọkọ̀ wò kó tó rì sísàlẹ̀. Ọkọ̀ kankan tó gba ìwé ẹ̀rí ètò náà kò tíì rì. James Bryant, ọ̀gá ọkọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, pe ìjọba lẹ́jọ́ kí wọ́n ṣí ìwé Thresher sílẹ̀. Lọ́dún 2020, adájọ́ dá a láre, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Ti Scorpion ṣì wà lọ́rùn wọn. Lọ́jọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1968, àwọn ìdílé dúró nínú òjò ní ebúté Norfolk láti pàdé àwọn èèyàn wọn. Ọkọ̀ náà ti rì láti ọjọ́ 22 nítòsí erékùṣù Azores, pẹ̀lú èèyàn 99. John Craven tó bá wọn wá a rí sọ pé tọ́pídò tirẹ̀ ló bú mọ́ ọn nínú. Àwọn mìíràn ní bátìrì ni. Àbọ̀ ìjọba ni pé ohun tó fà á kò dájú. Lọ́dún 2012, USSVI, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní 13,000 nígbà náà, bẹ iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi pé kí wọ́n tún ìwádìí náà ṣe. Wọ́n kọ̀.

Ọdún 2012 kan náà ni ẹgbẹ́ àwọn àgbà ti Ogun Àgbáyé Kejì tú ká. Àwọn tó kù ti dàgbà, wọn kò sì pọ̀ mọ́. Níwọ̀n bí ilẹ̀kùn wọn kò ti gba àwọn ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ náà kò lè pẹ́ ju ẹ̀mí wọn lọ. Àwọn tó gba agogo náà lọ́wọ́ wọn ni àwọn tí ẹgbẹ́ wọn kò gbà wọlé rí.

Àwọn tó ń wá òkú kiri

Ọkọ̀ Grunion kò dáhùn mọ́ láti òpin oṣù Keje ọdún 1942 nítòsí Kiska ní Alaska, pẹ̀lú èèyàn 70. Ìjọba kò mọ ohun tó ṣe é. Ọ̀gá rẹ̀, Mannert Abele, fi ọmọkùnrin mẹ́ta sílẹ̀. Ní ọdún 1998, ọkùnrin kan ra ìwé àwòrán wáyà àtijọ́ kan, èdè Jàpáànì ló wà lára rẹ̀, dọ́là kan péré ló sì san. Ìwé náà wá láti inú ọkọ̀ Kano Maru. Nígbà tó béèrè ohun tó jẹ́, Yutaka Iwasaki, ará Jàpáànì tó ń kọ́ ìtàn ogun náà fúnra rẹ̀, dá a lóhùn: ó ní ìtàn kan wà tí ọ̀gá ológun Jàpáànì tó wà nínú Kano Maru kọ, nípa ọkọ̀ abẹ́ omi tí wọ́n bá jà níbẹ̀. Ìtàn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Abele. Wọ́n fi owó ara wọn wá bàbá wọn, wọ́n sì rí ọkọ̀ náà lọ́dún 2007. Àwọn obìnrin kan tí wọ́n fínnúfíndọ̀ ṣe iṣẹ́ náà tọpa ìdílé gbogbo àwọn 70 náà rí.

Iwasaki kan náà ló tú àdììtú Grayback. Ìwé ìjọba Amẹ́ríkà ti sọ ibi tí ọkọ̀ náà àti èèyàn 80 inú rẹ̀ rì sí ní oṣù Kejì ọdún 1944, kò sì sẹ́ni tó rí i níbẹ̀. Iwasaki padà lọ ka àkọsílẹ̀ Jàpáànì fúnra rẹ̀. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ogun ti ṣi nọ́ńbà kan ṣoṣo kọ, àṣìṣe yẹn sì gbé ọkọ̀ náà jìnnà tó nǹkan bí 100 máìlì. Lọ́dún 2019, Tim Taylor àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá ibi tí nọ́ńbà tòótọ́ náà tọ́ka sí nítòsí Okinawa. Grayback wà níbẹ̀, pátákó orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Láti ọdún 2011 ni àwọn obìnrin ti ń wọ ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà, àwọn náà sì ń gba àmì lámùsóò. Ilẹ̀kùn tún fẹ̀ sí i, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìtàn àwọn ará ọkọ̀ yìí fi hàn pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ kò lè dá pa á mọ́. Ẹnu Daspit nílò tọ́pídò tó gbé wálé, ìkéde O'Kane nílò ìwé ọ̀tá, àwọn ọmọ Abele nílò ará Jàpáànì kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ 52 náà ni wọn kò tíì rí, àwọn ìdílé Scorpion sì ń dàgbà láìgbọ́ ìdáhùn. Ẹni tí ìwé wọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba ni o, ẹnìkan ṣoṣo ni o, kó ṣí i. Àwọn tó lè kà á ti wà nílẹ̀, wọ́n sì ti ṣe tán láti ṣiṣẹ́.